Ìmọ̀ Tó Gba Ojú Omi Wọlé: Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Híńdù Nípa Ọkàn

Ọ̀nà ilẹ̀ àti ọ̀nà omi pàdé ní Ìkòròdú. Ẹ̀yìn ìlú náà ni ọ̀nà Rẹ́mọ tó gba Ṣàgámù lọ sí Ìbàdàn. Iwájú rẹ̀ ni ọ̀sà tó lọ sí Èkó. Ní ìlà-oòrùn, létí ọ̀sà kan náà, ni Ẹ̀pẹ́ jókòó sí, tó kẹ́yìn sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Láti ìgbà pípẹ́ ni ẹrù tó bá ti òkè wá ti ń sọ̀ ní èbúté wọn, èyí tó bá sì ti òkun wá, èbúté náà ló ti ń gòkè. Ẹ̀sìn àti èrò a máa bá ẹrù rìn. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti tẹ̀sùbáà, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wọlé.

Ẹrù tí ìtàn yìí dá lé kò ṣeé rù lórí, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀kọ́ àwọn Híńdù ilẹ̀ Íńdíà ni: ẹ̀kọ́ nípa ọkàn tí kì í sinmi, nípa ìtànjẹ tí wọ́n ń pè ní maya, àti nípa bí ènìyàn ṣe lè mọ ẹni tí òun jẹ́ ní tòótọ́. Etí ọ̀sà kọ́ ni ẹ̀kọ́ náà ti fìdí múlẹ̀ jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. A ó rìn dé Accra àti Wọ́rí kí a tó parí. Ṣùgbọ́n etí ọ̀sà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bí a kò bá mọ ohun tí onílé ti ní tẹ́lẹ̀, a kò ní mọ ohun tí àlejò gbé wá.

Ohun tí onílé ti ní

Àwọn àgbà Ìkòròdú ń sọ pé láti ilẹ̀ Rẹ́mọ, lọ́dọ̀ Àkárìgbò, ọba Rẹ́mọ, ni àwọn tó tẹ ìlú náà dó ti wá, pé oko ni wọ́n kọ́kọ́ dá níbẹ̀, àti pé ẹ̀fọ́ odù tó ń hù níbẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Oko Odù, tí ó di Ìkòròdú lẹ́nu àwọn ọmọ. Ẹ̀ka mìíràn nínú ìlú ní Bìní ni àwọn baba tiwọn ti wá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu méjèèjì wà láàyè títí di òní, àwọn tó sì kọ ìwé lé e lórí kò fẹnu kò sí bí ó ṣe rí. Èyí kò yani lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ dé ni ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀ àti ta ni oyè tọ́ sí. Kò sí ìlú tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tètè tán.

Ibi yòówù kí wọ́n ti wá, wọ́n ní ìgbàgbọ́ kan tó jinlẹ̀: pé ènìyàn ju ohun tí ojú ń rí lọ. Àwọn awo Orò, Magbó àti Ẹlúkú, gbogbo wọn ló ní ohun tí a ń fi pamọ́ fún ojú kí inú lè mọ̀ ọ́n. Ọba tí wọ́n bá yàn gbọ́dọ̀ wọ ìpèbí kó tó gun orí ìtẹ́. Wọn a mú un kúrò lọ́jà ayé fún ìgbà díẹ̀, kó má baà gbé ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ dé orí oyè.

Lókè gbogbo rẹ̀ ni Orí. Orí òde ni à ń fi gèlè wé. Orí inú ni ó ń darí ẹni. Ìtàn Ifá jẹ́ ká mọ̀ pé lọ́dọ̀ Àjàlá amọrí ni ènìyàn ti ń lọ yan orí kó tó wá sáyé, pé lórí ìkúnlẹ̀ ló ti gba ohun tó gbà, àti pé bó ṣe ń kọjá ní ibodè ló ń gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dífá: kí ẹni tó ti gbàgbé lè rántí. Ẹ jẹ́ kí a di ọ̀rọ̀ ìgbàgbé yìí mú, a ó tún pàdé rẹ̀.

Ogun ló kọ́ni láti wá agbára

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣòro fún etí ọ̀sà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá wó Èkó, tí Ọba Kòsọ́kọ́ sì sá jáde. Ọdún kejì ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, lábẹ́ ojú Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Ìwé àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854 fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ọba náà kò tíì tán. Nígbà tó fi máa padà sí Èkó ní 1862, Ẹ̀pẹ́ ti di ìlú apá méjì, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́, ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ti ta gbòǹgbò níbẹ̀.

Ìkòròdú náà kò sinmi. Nígbà ogun Ìjàyè, tí àwọn Ẹ̀gbá bá Ìbàdàn jà, wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà tó gba Rẹ́mọ kọjá sí Ìbàdàn di títì pa, kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá wọn. Ìkòròdú kọ̀, nítorí ọjà tó ń gba èbúté kọjá ni wọ́n ń jẹ. Àwọn Ẹ̀gbá dó tì wọ́n. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, Glover, ẹni tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó ọmọ ogun gba ojú ọ̀sà, wọ́n sì tú ibùdó Ẹ̀gbá ká. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ààbò òwò ni. Àwọn Ẹ̀gbá sọ pé àtojúbọ̀ ni, ìbínú náà sì wà lára ohun tó bí Ìfọ́lé ọdún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta. Samuel Johnson kò yọ ogun Ìkòròdú sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe ìjà abúlé: ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò di kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà mú ni.

Ohun tí irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọkàn ènìyàn ṣe pàtàkì fún ìtàn wa. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí yóò ji òun gbé lọ́la, ìmọ̀ tí ènìyàn ń wá ni èyí tó lè ṣẹ́gun. Oǹdè tó tako ìbọn, tírà tó tako ọ̀tá, àdúrà tó ń ṣílẹ̀kùn owó: ibi tí àwọn èèyàn kọjú sí nìyẹn. Àwọn áàfáà wà tí wọ́n ń kọ́ni ní ohun tó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà Kádíríyà àti Tíjáníyà dé ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń sọ pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ inú ara ẹni ni ọ̀tá tó le jù, pé ṣíṣe ìrántí Ọlọ́run ni a fi ń borí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń sọ èyí tó, ẹni tó bá ẹ̀kọ́ wá sọ́dọ̀ wọn kò tó ẹni tó bá tírà wá. Ojú tí ìran wa fi wo Mùsùlùmí nígbà ogun ni ìran tó tẹ̀lé e fi wo Íńdíà.

Àwọn oníṣòwò dé, wọn kò wàásù

Íńdíà kọ́kọ́ dé Èkó ní ilé ìtajà. Àwọn oníṣòwò ará Sindh, agbègbè kan ní Íńdíà ìgbà náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Híńdù, ti ń ṣòwò káàkiri ayé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1923 ni Kishinchand Chellaram, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ òwò ní Èkó. Ní 1947, nígbà tí Íńdíà pín sí méjì, Sindh bọ́ sí ọwọ́ Pakísítánì. Ọ̀pọ̀ Híńdù ibẹ̀ fi ilé bàbá wọn sílẹ̀, àwọn kan sì wá bá àwọn ìbátan wọn ní àwọn ìlú etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Aṣọ wọn dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lórí ọkọ̀ àwọn alájàpá. Ẹ̀sìn wọn kò dé. Nínú yàrá ni wọ́n ti ń jọ́sìn, níwájú àwòrán tí wọ́n fi òdòdó àti fìtílà yí ká, wọn kò sì pe aládùúgbò wá gbọ́. Ẹ̀sìn ìdílé ni wọ́n kà á sí, bí orò ilé wa náà ṣe rí.

Kí ló wà nínú yàrá náà tí a kò rí? Ẹ̀kọ́ tó ti lé ní 2,500 ọdún ni. Àwọn ọlọ́gbọ́n tó kọ àwọn ìwé Upanishad ya kókó kan sọ́tọ̀ lára ènìyàn tí kì í kú tí kì í sì í yí padà. Wọ́n pè é ní atman. Katha Upanishad fi ènìyàn wé kẹ̀kẹ́ ogun: ara ni kẹ̀kẹ́, ojú àti etí àti ahọ́n ni ẹṣin, ọkàn ni ìjánu, làákàyè ni awakọ̀, atman sì ni olówó tó jókòó sẹ́yìn. Bí ìjánu bá dẹ̀, ẹṣin ni yóò máa yan ibi tí olówó ń lọ. Nínú Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ wọn mìíràn, Arjuna jagunjagun ráhùn pé àtidi ọkàn mú kò rọrùn ju àtidi afẹ́fẹ́ mú lọ. Krishna, ẹni tó ń kọ́ ọ, kò jiyàn. Ó ní àṣetúnṣe àti àìfi ọwọ́ líle di ohun ayé mú ló ń tù ú lójú.

Shankara, olùkọ́ Híńdù tó gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ, ló là á yé ayé jù. Ó ní ẹni tó bá tẹ okùn nínú òkùnkùn lè pariwo ejò. Ẹ̀rù tó bà á, òótọ́ ni. Òógùn tó bò ó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ejò kò sí níbẹ̀ rí. Bí iná bá dé, kò sẹ́ni tó máa pa ejò, nítorí okùn nìkan ni yóò rí. Maya nìyẹn: ayé wà, ṣùgbọ́n a ṣì í mú. Ohun tí a sì ṣì mú jù ni ara wa, nítorí a pe ara tó ń gbó àti orúkọ tí wọ́n sọ wá ní «èmi», a sì gbàgbé ẹni tó ń wò ó. Àwọn Híńdù fúnra wọn kò fẹnu kò lórí èyí. Ramanuja, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn Shankara, takò ó pé ayé kì í ṣe ìtànjẹ rárá, pé bí ara ṣe rí sí ẹ̀mí ni ayé rí sí Ọlọ́run, àti pé ìfẹ́ àti ìtẹríba ni ọ̀nà ìgbàlà.

Lákòókò tiwa, Ramana Maharshi (1879 sí 1950) ló sọ ọ̀rọ̀ náà di kékeré. Ọmọ ọdún 16 ni, ní 1896, nígbà tí ẹ̀rù ikú ṣàdédé bà á nínú ilé ní Madurai. Kò sá jáde. Ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ bí òkú, ó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé: bí ara yìí bá kú, ta ló kú? Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi ń dá ẹni tó bá tọ̀ ọ́ wá lóhùn: ta ni èmi?

Àwọn ọmọ Bọ́mà

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó kọ́kọ́ gbé àwọn ọmọ wa dé ilẹ̀ tí ẹ̀kọ́ yìí ti wá. Ní 1943 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé Íńdíà. Ẹgbẹ́ 82 tẹ̀lé wọn ní 1944. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ igbó Bọ́mà lọ bá àwọn Japan jà. Ní àfonífojì Kaladan, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Níbí ni ẹnu àti ìwé ti pínyà. Ìtàn tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn, láti Èkó títí dé Accra, ni pé àwọn ológun wọ̀nyí rí agbára ní Íńdíà: àwọn baba tó ń jókòó láìmira, tó ń sùn lórí ìṣó, tó ń sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, àti pé àwọn kan mú lára agbára náà bọ̀ wálé. Ohun tí àkọsílẹ̀ fi hàn jẹ́ àgọ́ ológun, ìdánrawò, ibà, ẹsẹ̀ wíwú àti ikú. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrẹ̀-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìbọn Japan fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní Kaladan ní 1944. Ìdílé àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé tó wà nítòsí ló fi í pamọ́, tó ń bọ́ ọ, fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí àwọn tirẹ̀ fi padà dé. Kò sí oǹdè nínú ìtàn rẹ̀. Àánú ló gbà á là.

Ìdí tí ìtàn ẹnu fi borí ìtàn ìwé kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó ti ogun ńlá bọ̀ láìkú, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú lọ́tùn-ún lósì, yóò ní ohun kan tó yọ ọ́. Àwọn ará ilé kò lè gbà pé lásán ni. Àwọn náà ni ọmọ àwọn tó ti mọ̀ láti ìgbà ogun Ìjàyè pé agbára ló ń gbani.

Ẹ̀kọ́ nípa ìtànjẹ, nínú ìwé ìtànjẹ

Lẹ́yìn ogun, owó kòkó dé, ilé ìwé pọ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì dé ìlú kéékèèké. Ọ̀dọ́ tó mọ̀wé kà lè jókòó ní Ìkòròdú kó fi owó ránṣẹ́ sí òkè òkun, kí ìwé sì dé bá a. Ìwé tó tàn jù nínú irú wọn ni ti de Laurence, ará Amẹ́ríkà tó ń tẹ ìwé idán ní Chicago, tó fi orúkọ Híńdù sí ara èyí tó lókìkí jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni «agbára Íńdíà» ṣe dé ọ̀dọ̀ wa láti Chicago. Fíìmù Íńdíà dé sí ilé sinimá pẹ̀lú, níbi tí àwọn òrìṣà ti ń fò tí iná ń jáde lọ́wọ́ wọn. Òrùka, lọ́fíńdà àti àbẹ́là tí wọ́n ní ó ti Íńdíà wá di ọjà. Albert Wuaku, onímọ̀ ọmọ Gánà tó kọ ìwé lórí àwọn òrìṣà Híńdù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 2013, rí ohun kan náà ní ilẹ̀ tiwọn: òkìkí agbára ló kọ́kọ́ la ọ̀nà, kí ẹ̀sìn tó tẹ̀lé e.

Èyí ni ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Ẹ̀kọ́ tó ní kí ènìyàn tú ọwọ́ rẹ̀ ká ni a rà bí ohun tí a fi ń di ẹlòmíràn mú. Ẹ̀kọ́ tó ní ọ̀tá kò sí níta ni a fi ń wá ọ̀tá níta. Wọ́n na okùn sí wa, ejò ni a rí. Kì í ṣe pé ìran náà gọ̀. Àìsàn tí kò ní dókítà, ẹjọ́ ilẹ̀ tí kò tán, iṣẹ́ ìjọba tí ẹni mẹ́wàá ń dù, ó ń lé ènìyàn lọ síbi tí wọ́n bá ti ní ọ̀nà àbùjá wà.

Àwọn tó lọ sí orísun

Síbẹ̀ àwọn kan kọjá ìwé idán. Ní Rishikesh, lẹ́bàá odò Ganges, Swami Sivananda dá Divine Life Society sílẹ̀ ní 1936, ó sì ń fi ìwé nípa yóga àti mímọ ara ẹni ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba ọ̀nà yẹn ni ọmọ Gánà kan tí wọ́n bí ní Senya Beraku ní 1937. Ó lọ sí Rishikesh fúnra rẹ̀, ó padà dé, ó sì dá ilé àwọn onísìn Híńdù ti Áfíríkà sílẹ̀ ní Accra ní 1975. Swami Ghanananda Saraswati ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí títí ó fi kú ní 2016. Ọmọ ilẹ̀ náà ni àwọn tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kì í ṣe oníṣòwò ará Sindh ló kọ́ wọn.

Ẹgbẹ́ Hare Krishna náà wọ Nàìjíríà. Bhakti Tirtha Swami, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Cleveland ní Amẹ́ríkà ní 1950, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Ní 1990 wọ́n fi í joyè ní Wọ́rí. Ọ̀nà Ramanuja ni tiwọn súnmọ́: wọn kì í pe ayé ní asán, wọ́n ń kọrin orúkọ Ọlọ́run, wọ́n sì ń pín oúnjẹ tí kò ní ẹran. Ní Èkó, àwọn ará Íńdíà kọ́ tẹ́ńpìlì sí Ìlúpéjú. Ní Ìkòròdú fúnra rẹ̀, àwọn ará Íńdíà wà lára àwọn tó ni ilé iṣẹ́ irin ní Odògùnyàn, àwọn ọmọ wa sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ lẹ́bàá iná ìléru. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí aṣọ wọn ti dé, àwọn fúnra wọn dé.

Ibi tí wọ́n ti jọra, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀

Àwọn kan ń sọ nísinsìnyí pé ìran kan ni Yorùbá àti Híńdù, pé òrìṣà wọn jọra jù kó jẹ́ lásán. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Johnson ti gbọ́ pé Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá, J. Olumide Lucas sì kọ̀wé ní 1948 láti fa ẹ̀sìn wa lọ sí Íjíbítì. Ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ tàbí ìtàn ìlú kan tó so wá mọ́ Íńdíà. Ìjọra kì í ṣe ìbátan.

Ìjọra náà wà o. Híńdù ní àìmọ̀ ló bo ènìyàn lójú, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn baba wa ní ó gbàgbé ní ibodè. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà ti pínyà gbòòrò. Orí tí mo yàn kì í ṣe orí tí aládùúgbò mi yàn. Ní ti Shankara, atman kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo wa. Àwa ń sọ pé ọjà ni ayé, ọ̀run nilé, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ọjà kò sí. A fẹ́ kí ọjà wa tà. Híńdù ń gbàdúrà kó má padà wá sáyé mọ́. Àwa, bí bàbá bá kú tí a bí ọkùnrin, Babátúndé ni, ìlù a sì dún. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò gbọ́dọ̀ fojú fo ìyàtọ̀ náà, bí kò bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ.

Ohun kan ni mo rò pé a lè gbà láìta orí wa nù, òun náà ni a kọ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ náà kọ́kọ́ dé. Ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn lóru, ẹni tó wà nínú ilé a ní, «Ta nìyẹn?» Ẹni tó wà níta a ní, «Èmi ni.» Onílé tó gbọ́n kì í ṣí ilẹ̀kùn lórí ìyẹn. Yóò tún béèrè pé, «Ìwọ ta ni?» Tírà kò dáhùn ìbéèrè kejì yìí, ìwé Chicago kò dáhùn rẹ̀. Gbogbo agbára tí ìran wa ti wá láti ìgbà ogun, «èmi ni» ni ó ń pariwo. Ẹ̀kọ́ tó ti Íńdíà gba ojú omi wọlé kàn ní kí a dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ara wa, kí a béèrè lẹ́ẹ̀kejì.